Àyẹ̀wò Ọdún 2025: Àdúrà Àkọ́sórí

Ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn nínú ọdún la máa ń pa ìwé owó dé níbi iṣẹ́ mi. Èyí tó wọlé, èyí tó jáde, gbèsè tí wọ́n jẹ wá, èyí tí àwa náà jẹ: a ó tò wọ́n, a ó rò wọ́n pọ̀, ọ̀gá á sì tọwọ́ bọ̀ ọ́. Nígbà tí mo délé nírọ̀lẹ́ àná, mo jókòó láti ṣe irú rẹ̀ fún ara mi, bí mo ṣe máa ń ṣe láti ìgbà tí mo ti wà ní yunifásítì. Owó oṣù mi lé díẹ̀. Mo kó kúrò nínú yàrá tí mo háyà, mo padà sílé àwọn òbí mi ní Àkúrẹ́. Ìdánwò ìṣirò owó tí mo ní n ó parí, mi ò parí ẹ̀. Kò ju ìyẹn lọ. Gbogbo ohun tó kù nínú ọdún náà, ọ̀rọ̀ èmi àti Ọlọ́run ni, mi ò sì mọ apá ibi tí ǹ bá kọ ọ́ sí, bóyá ti èrè ni tàbí ti gbèsè.

Ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹta, ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí a gba eérú síwájú orí láti fi bẹ̀rẹ̀ Lẹ́ńtì, ìgbà ààwẹ̀ àwa Kátólíìkì, bàbá mi ń fá irùngbọ̀n lẹ́yìnkùlé nígbà tí abẹ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Màmá mi ló rí wọn. Apá ọ̀tún kò gbé mọ́, ẹnu ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Rọpárọsẹ̀ ni. Iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ló dí lápá òsì ọpọlọ wọn, ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ti ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ló sì fà á. A lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ọsibítù. Ọlọ́run bá wa dá ẹ̀mí wọn sí. Mo kọ gbólóhùn yẹn bí gbogbo èèyàn ṣe ń sọ ọ́, mo tún un kà, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ni kò bá wọn padà wálé. Tíṣà ni bàbá mi, ọdún 33 ni wọ́n fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé. Wọ́n mọ̀ wá, wọ́n ń gbọ́ ohun tí à ń sọ, ṣùgbọ́n bí òùngbẹ bá ń gbẹ wọ́n, "ìyẹn, ìyẹn" nìkan ló ń jáde, wọ́n á sì máa na ọwọ́ òsì. Wọn ò lè pè mí. Àṣàkẹ́ ni wọ́n ń pè mí láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, láti ìgbà tí ìyá wọn sì ti kú, àwọn nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀ nínú ilé. Láti oṣù Kẹta, mi ò gbọ́ ọ mọ́.

Mo gbàdúrà nínú Lẹ́ńtì yẹn bí mi ò ṣe gbà á rí. Àdúrà tèmi ni, ọ̀rọ̀ tí mo ń fúnra mi wá jáde lóru. Mo bẹ̀bẹ̀. Mo ṣèlérí. Mo ka gbogbo ohun tí bàbá mi ti ṣe sí Ọlọ́run létí bí ẹni pé Ó ti gbàgbé: àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́ ní katikísímù, owó ìwé tí wọ́n san fún ọmọ tí kì í ṣe tiwọn. Mo gbààwẹ̀ títí òòyì fi ń kọ́ mi. Nígbà tó fi di Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu èmi náà.

Lọ́jọ́ Àjíǹde, 20 oṣù Kẹrin, a gbé bàbá mi jókòó síwájú tẹlifíṣàn. Póòpù Francis jáde sí gbangba ní Peteru Mímọ́ lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn. Agbára káká ni ohùn fi jáde lẹ́nu wọn. Wọ́n kí àwọn èèyàn kú ọdún Àjíǹde, ẹlòmíràn ló bá wọn ka ìyókù ohun tí wọ́n fẹ́ sọ. Bàbá mi nawọ́ sí tẹlifíṣàn, omi sì bọ́ lójú wọn. Mo mọ ohun tí wọ́n rí: àgbàlagbà kan jókòó, ẹlòmíràn ń bá a sọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Póòpù kú, ẹni ọdún 88. Nígbà tí wọ́n kéde ohun tó pa wọ́n, rọpárọsẹ̀ wà níbẹ̀. Mo pa rédíò. Láti oṣù Kejì tí wọ́n ti gbé Póòpù lọ sí ọsibítù ni ìjọ káàkiri ayé ti ń gbàdúrà fún wọn. Bí àdúrà gbogbo ayé bá rí báyìí, kí ni ti èmi nìkan?

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, nígbà tí a dìde láti ka Ìgbàgbọ́, ọ̀rọ̀ tí a fi ń jẹ́wọ́ ohun tí a gbà gbọ́, mo pa ẹnu mọ́. Mi ò fẹ́ purọ́ nínú ilé Ọlọ́run. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe títí di ìparí oṣù Kọkànlá: mo ń lọ sí Míísà, mo ń dìde bí wọ́n bá dìde, mo ń kúnlẹ̀ bí wọ́n bá kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti di "Mo gba Ọlọ́run kan gbọ́," mo dákẹ́.

Kí n sọ òótọ́, kì í ṣe ọdún yìí ló bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022 ni, Sọ́ńdè Pẹ́ńtíkọ́sì. Mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin nígbà náà. Míísà tán, à ń kó ìwé orin jọ ní Àkúrẹ́ níbí, ni fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún lọ́tùn-ún lósì. Ọ̀wọ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì Francis Mímọ́. Àwọn agbébọn ti ya bo àwọn tó ń jọ́sìn, wọ́n yìnbọn, wọ́n ju àdó olóró. Ẹ̀mí tó lọ lé ní 40, àwọn ọmọdé wà nínú wọn. Ọ̀wọ̀ ò jìnnà sí wa. Ìwé Mímọ́ kan náà la jọ kà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè kan ti jókòó sí mi lọ́kàn, tí mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni: ilé Rẹ ni wọ́n wà, wọn ò lọ síbòmíràn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún yìí, wọ́n gbé afurasí 5 lọ sílé ẹjọ́ ní Àbújá lórí ọ̀rọ̀ náà. Mo fẹ́ kí wọ́n ṣe ìdájọ́ òdodo, mo fẹ́ ẹ gan-an. Àmọ́ ìbéèrè tèmi, kì í ṣe adájọ́ ni mo ń bi.

Ní oṣù Karùn-ún, àwọn ọmọ Block Rosary àdúgbò wa, àwọn ọmọdé tó máa ń péjọ gba àdúrà Rosary, ní kí a jẹ́ kí àwọn máa wá gbàdúrà ní ọgbà wa nírọ̀lẹ́. Màmá mi gbà fún wọn. Èmi ò jáde sí wọn. Mo wà ní kíṣìnì, mò ń ṣa ẹ̀fọ́. Ọmọ kan á dá a: "Mo kí ọ, Màríà, o kún fún oore-ọ̀fẹ́." Àwọn ìyókù á gbè é. Bí wọ́n ṣe ń bá a lọ ni mo gbọ́ ohùn àgbà láàrin ti àwọn ọmọ. Ó wúwo, ó ń fà nílẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ni. "Màríà Mímọ́, Ìyá Ọlọ́run, gbàdúrà fún àwa ẹlẹ́ṣẹ̀, nísinsìnyí..." Mo ju ẹ̀fọ́ sílẹ̀. Bàbá mi ni, lórí àga wọn lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n dijú, wọ́n ń pè é títí dé Àmín.

Màmá mi figbe ta. Àwọn ọmọ náà ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n ń bá tiwọn lọ, wọ́n ti wọ Ògo ni fún Baba. Nígbà tí wọ́n parí, mo kúnlẹ̀ níwájú bàbá mi. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ pè mí. Àṣàkẹ́." Wọ́n wò mí. Mo rí i bí wọ́n ṣe ń wá a. "Ìyẹn," ni wọ́n wí.

Síbẹ̀, mo ń sọ fún gbogbo ẹni tí mo bá pàdé pé iṣẹ́ ìyanu ti ṣẹlẹ̀ nílé wa. Lọ́sẹ̀ kejì, obìnrin tó ń kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ sísọ mú mi jókòó, ó sì rọra ṣàlàyé. Ó ní ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń fúnra rẹ̀ wá, tó ń tò pọ̀ ní tuntun, apá ibi tí àìsàn ti bà jẹ́ nínú ọpọlọ bàbá mi ló ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí èèyàn ti ń sọ lásọtúnsọ láti kékeré, orin, ení èjì ẹ̀ta, orúkọ ọjọ́ ọ̀sẹ̀, àdúrà, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n máa ń gbà jáde, wọ́n sì lè kù nígbà tí ìyókù bá ti lọ. Ó ti rí i lára àwọn aláìsàn mìíràn. Ó ní kí a má fi ṣeré, kí a máa gbàdúrà náà pẹ̀lú wọn lójoojúmọ́, nítorí ẹnu tó ń pe Mo Kí Ọ Màríà ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Mo sunkún nínú ọkọ̀ bọ̀ wálé. Ó ṣe mí bíi pé wọ́n fún mi ní nǹkan, wọ́n sì tún gbà á padà lọ́wọ́ mi.

Ó pẹ́ kí n tó bi ara mi léèrè pé ta ló fi àdúrà náà síbẹ̀. Ìyá bàbá mi ni, tí wọn ò mọ ìwé kà, àti kátíkísì kan, olùkọ́ ìgbàgbọ́, tí mi ò bá láyé. Àwọn méjèèjì ló fi há bàbá mi lórí kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún méje. Wọ́n ń ṣe é lálẹ́ kí wọ́n tó sùn, wọ́n ń ṣe é nígbà tí oorun ń kun ọmọdé náà, tí kò sì mọ ìtumọ̀ ohun tó ń pè. Wọn ò mọ̀ pé ọpọlọ ní apá òsì tàbí apá ọ̀tún. Àìsàn dé, ó kó ohun tí bàbá mi fi ogójì ọdún kà nínú ìwé lọ, kò sì rí ohun tí ìyá wọn tọ́jú síbẹ̀. Àlàyé obìnrin yẹn ò yí padà lójú mi, òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n mo ti kúrò lórí pé ó gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan níbi iṣẹ́, ọmọ ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì. Láti oṣù Kẹta, kò sí Sátidé tí kì í wá bá wa fọ aṣọ, tó sì máa ń gbé ọwọ́ lé bàbá mi, tí yóò máa gbàdúrà títí àágùn yóò fi bò ó. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ ìyá. Lọ́jọ́ kan ó bi mí, láìfi ṣe yẹ̀yẹ́ rárá: "Kí ló dé tí ẹ̀yin Kátólíìkì ń gbàdúrà àkọ́sórí? Kí ló dé tí ẹ kì í bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ látọkàn wá?" Ní yunifásítì, ìbéèrè yẹn máa ń kó ìtìjú bá mi, mo sì máa ń gbà lọ́kàn mi pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ìyá bàbá mi ni mo rántí. Bí mo bá ti kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀, wọ́n á kì mí. Oríkì kan náà ni, ọ̀rọ̀ kan kì í yí níbẹ̀. Àwọn kọ́ ló ṣẹ̀dá rẹ̀, wọ́n bá a lẹ́nu ìyá tiwọn ni. Lọ́jọ́ tí inú wọn dùn sí mi, wọ́n kì mí. Lọ́jọ́ tí mo ṣẹ̀ wọ́n tí wọ́n ti bá mi wí tán, wọ́n kì mí bákan náà. Orí mi ń wú ní gbogbo ọjọ́ yẹn. Ta ló máa sọ pé kò tọkàn wọn wá nítorí pé àkọ́sórí ni? Mo sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ mi bẹ́ẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní ìyá òun náà máa ń kì òun, òun sì fẹ́ kí wọ́n tún kì òun lónìí.

Mo ṣì ń gbàdúrà ti ara mi bí ọ̀rọ̀ bá wá. Àmọ́ ní oṣù Kẹrin, inú ọkàn mi gbẹ. Bí ó bá jẹ́ pé ohun tó wà lọ́kàn mi nìkan ni mo lè gbà ládùúrà, ǹ bá ti dákẹ́ pátápátá.

Mo lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ní oṣù Kẹwàá. Mo sọ fún Fadá pé mi ò ka Ìgbàgbọ́ mọ́, mo sì sọ ìdí rẹ̀. Mo rò pé wọ́n á bá mi wí. Wọ́n béèrè orúkọ tí mo gbà nígbà Kọnfamọ́ṣọ̀n. Mo ní Tèrésà, ẹni mímọ́ ti Lisieux nílẹ̀ Faransé. Wọ́n ní kí n lọ ka bí Tèrésà ṣe kú. Mo kà á. Láti Àjíǹde ọdún 1896 títí ó fi kú ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1897, ẹni ọdún 24, òkùnkùn bò ó, èrò pé kò sí ọ̀run kankan kì í fi í sílẹ̀. Ó fi ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ kọ Ìgbàgbọ́ sílẹ̀, ó sì ń gbé e sára kiri. Ọdún 100 ló pé ní oṣù Karùn-ún yìí tí Ìjọ kéde rẹ̀ ní ẹni mímọ́, èmi tí mo ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ò sì mọ èyí nípa rẹ̀. Ohun tí mo ń pa mọ́ sẹ́nu kí n má baà purọ́, òun ló fi ẹ̀jẹ̀ kọ.

Iṣẹ́ ìrònúpìwàdà tí Fadá fún mi ni kí n máa ka Ìgbàgbọ́ àwọn Àpọ́sítélì sókè fún ọjọ́ méje, pẹ̀lú bàbá mi. Ọjọ́ méje náà ti kọjá tipẹ́, a ò sì tíì dáwọ́ dúró. Wọ́n máa ń bá mi kà á geere títí dé Póńtíù Pílátù. Ibẹ̀ ló ti máa ń há mọ́ wọn lẹ́nu, mo máa ń dúró dè wọ́n níbẹ̀.

Ní ìparí oṣù Kọkànlá, Póòpù Leo lọ sí Iznik ní Tọ́kì, ìlú tí wọ́n ń pè ní Nicaea láyé àtijọ́, níbi tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù ti péjọ ní ọdún 325, tí Ìgbàgbọ́ tí à ń kà ní Míísà ti ṣẹ̀ wá. Ọdún 1,700 nìyẹn. Fadá wa wàásù lórí rẹ̀ ní Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú Ádífẹ́ǹtì. Ohun kan ṣoṣo ni mo dì mú nínú ìwàásù náà: "A gbàgbọ́" ni àwọn bíṣọ́ọ̀bù yẹn kọ, kì í ṣe "Mo gbàgbọ́". Mo wo ẹ̀yìn mi. Gbogbo Sọ́ńdè tí mo fi dákẹ́, àwọn wọ̀nyí ló ń kà á: ìyá tó ń ta epo lójú ọ̀nà wa, àwọn ọmọ Block Rosary, àwọn tí mi ò mọ orúkọ wọn. Àwọn ará Ọ̀wọ̀ pẹ̀lú, wọ́n ti kà á láàárọ̀ Pẹ́ńtíkọ́sì yẹn kí ìbọn tó dún. Ìyẹn ò dáhùn ìbéèrè mi. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti rò ó débẹ̀, mi ò lè dúró ní Míísà kí n pa ẹnu mọ́ mọ́. Mo kà á lọ́jọ́ náà. Ohùn mi ń gbọ̀n, mi ò sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé gbogbo rẹ̀ dá mi lójú. Mo kà á.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó kọjá, 28 oṣù yìí, wọ́n pa Ọdún Júbílì, ọdún mímọ́ tí Ìjọ yà sọ́tọ̀, dé ní àwọn dáyósísì. Ọdún Ìrètí ni Póòpù Francis pè é kí wọ́n tó kú. Bàbá mi ti ń fi ọ̀pá rìn láti yàrá dé pálọ̀. Wọ́n ti ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ báyìí: omi, rárá, ó tó, ẹ ṣé. Wọn ò tíì pè mí. Mo máa ń tẹ́tí sí i láàárọ̀, bí mo bá ti kúnlẹ̀ kí wọn.

Ó ti ń lọ sí aago mẹ́jọ. A ṣì máa lọ sí Míísà òru, mo sì ní láti bá wọn wọ bàtà. Màmá mi ti tan àbẹ́là, wọ́n ń pè mí. Èmi ni mo máa dá a lálẹ́ òní, bàbá mi ló máa gbè é.