Irin Ìdìmú Mẹ́ta fún Jíìpù Tó Ti Dàgbà

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni ó kọ́kọ́ ta mí lólobó. Nígbàkigbà tí táyà iwájú kan nínú jíìpù mi bá gun gegele tí èkejì sì wà nílẹ̀, ilẹ̀kùn ibi ẹrù yóò han gooro bí àga onígi tí ìṣó rẹ̀ ń tú. Ọdún 2003 ni wọ́n ṣe ọkọ̀ náà, mo sì mọ ohùn rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ irú èyí rí. Mo fi òróró sí ibi tí ilẹ̀kùn ti so kọ́, mo pààrọ̀ rọ́bà etí rẹ̀, ìró náà kò lọ. Nígbà tó yá, mo ti jáàkì sí abẹ́ igun iwájú kan ṣoṣo, mo gbé e títí táyà ibẹ̀ fi kúrò nílẹ̀, mo sì lọ wo àlàfo tó wà láàárín ilẹ̀kùn ẹ̀yìn àti ara ọkọ̀. Àlàfo tó jẹ́ mílímítà 5 nígbà tí ọkọ̀ dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti sún mọ́ 4 ní igun òkè kan, ó sì ti fẹ̀ sí i ní igun kejì. Ara ọkọ̀ ń lọ́, bí ìgbà tí èèyàn ń fún aṣọ tútù.

Kò yani lẹ́nu bí a bá mọ bí wọ́n ṣe kọ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Toyota Land Cruiser ní férémù tó dá dúró nísàlẹ̀ bí àkàsọ̀, tí wọ́n wá gbé ara ọkọ̀ lé lórí. Ṣùgbọ́n nínú Jeep Cherokee tó jáde fún ọdún 1984, tàbí Toyota RAV4 tó kọ́kọ́ jáde ní 1994, kò sí irú àkàsọ̀ bẹ́ẹ̀ tó dá wà. Ara ọkọ̀ náà ni ṣásì, páànù tí wọ́n ká, tí wọ́n sì jó mọ́ra ní ojú púpọ̀. Ẹ mú páálí kan tí ìdérí rẹ̀ ṣì lẹ̀ pa, kí ẹ gbìyànjú láti lọ́ ọ: yóò takú. Ẹ wá gé ìdérí náà kúrò, ọwọ́ lásán yóò sì fún un bó ṣe wù ú. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn gbàgàdà tí jíìpù fi ń gba ẹrù ni ìdérí tí a gé kúrò yẹn. Níwájú, bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá jẹ́ irú ti MacPherson, orí ṣọ́kù wà lára ohun tí ń mú táyà dúró ṣánṣán, nítorí náà gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá yà kọ̀rọ̀ pẹ̀lú eré ni agbára ń ti ilé ṣọ́kù méjèèjì sọ́tùn-ún sósì. Irin ìdìmú tí a fi so ilé ṣọ́kù kan mọ́ èkejì, èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní strut bar, wúlò níbẹ̀. Lára ọkọ̀ tó ní férémù bí àkàsọ̀, tàbí èyí tí orí ṣọ́kù rẹ̀ kì í gba agbára kọ̀rọ̀, n kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti náwó sí i.

Ṣùgbọ́n kí n tó ra irin kankan, mo lo oṣù méjì lórí ẹsẹ̀ ọkọ̀. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa lápálàpá. Bọ́ṣì, rọ́bà tó wà ní oríkèé apá ìsàlẹ̀ (irin tó so táyà mọ́ ara ọkọ̀), ti ya, bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì ọ̀tún ń mì, rọ́bà orí ṣọ́kù ti le bí òkúta, sítìn kan, rọ́bà tí ẹ́ńjìnì jókòó lé, sì ti rì. Bí mo bá fi irin ìdìmú lé orí àwọn wọ̀nyí, ń ṣe ni n óò máa di ara ọkọ̀ mú nígbà tí táyà ń rìn bó ṣe wù ú. Ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń yí bọ́ṣì padà fi sọ́kàn ni pé a kì í fún bóòtì bọ́ṣì onírọ́bà le nígbà tí táyà bá rọ̀ sílẹ̀ lófuurufú. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ jókòó lórí táyà rẹ̀, kí ìwúwo rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ tó fún un parí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, rọ́bà náà yóò wà ní lílọ́ ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró, yóò sì ya kí ọjọ́ tó jìnnà. Nígbà tí mo parí iṣẹ́ yìí tí mo sì ṣe aláìmẹ́ǹtì, ìdajì ohun tí mo ń ráhùn lé lórí ti lọ. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn nìkan ni kò gbà.

Lẹ́yìn náà ni mo wá mú irin. Ohun tí mo wò jù ni bí ó ṣe tọ́ tó. Ọ̀pá tó lọ tààrà láti ìkángun kan dé èkejì máa ń kojú títì àti fífà pẹ̀lú gbogbo ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pá tó tẹ̀ kọjá orí ẹ́ńjìnì bí ọrun ọdẹ yóò máa tẹ̀ sí i bí ọrun náà nígbà tí agbára bá dé. Bí kò bá sì sí ọ̀nà àbáyọ ju pé kó tẹ̀ lọ, kí ọ̀pá náà ní ìbú: páìpù irin tó fẹ̀ ní ìlọ́po méjì, tí ara rẹ̀ sì nípọn bákan náà, kò wúwo ju ìlọ́po méjì lọ, ṣùgbọ́n yóò kọ títẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́jọ. Ohun kejì ni ojú oríkèé. Mo rí àwọn tó dára lójú, tí wọ́n ń dán, ṣùgbọ́n tí wọ́n fi bóòtì kan ṣoṣo so ọ̀pá mọ́ àwo rẹ̀ ní ìkángun méjèèjì. Bí ihò bóòtì bẹ́ẹ̀ bá jẹ bíńtín, ọ̀pá náà di ohun ọ̀ṣọ́. Èyí tí wọ́n jó ọ̀pá àti àwo rẹ̀ pọ̀ di ẹyọ kan ni mo mú. Ní ti alumíníọ́ọ̀mù, ó fúyẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n líle rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 70 GPa (ìwọ̀n bí ohun ṣe ń kọ títẹ̀ tó) nígbà tí ti irin sítíìlì jẹ́ nǹkan bí 200, ìyẹn ni pé ó ní láti nípọn dáadáa kó tó ṣe iṣẹ́ kan náà, àyè kò sì pọ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì mi.

Mẹ́ta ni mo fi sí i: ọ̀kan láàárín ilé ṣọ́kù iwájú, ọ̀kan nísàlẹ̀ láàárín ibi tí apá ìsàlẹ̀ méjèèjì ti so mọ́ ara ọkọ̀, àti ọ̀kan lábẹ́ ẹ̀yìn. Ti òkè ni mo fi bẹ̀rẹ̀, òun náà ni mo sì ṣe ní àṣìṣe. Táyà iwájú ti wà lókè lórí jáàkì nítorí mo fẹ́ wo bíréèkì, mo wá rò pé kí n kúkú de ọ̀pá náà mọ́ ọn. Ó wọlé ní wọ́ọ́rọ́wọ́, mo sì fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ pa. Bí mo ṣe sọ ọkọ̀ kalẹ̀ ni mo gbọ́ tí àwo òsì ké gìn-ín, nítorí ilé ṣọ́kù méjèèjì ti kúrò níbi tí mo bá wọn, wọ́n sì ti ń jà pẹ̀lú ọ̀pá náà. Mo tú u. Ihò àwo kò bá ojú bóòtì mu mọ́, ó yẹ̀ ní bíi mílímítà 2. Mo ti ọkọ̀ síwá sẹ́yìn kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè jókòó, mo fi ọwọ́ fa ihò àwo sí ojú bóòtì láìfi nǹkan lù ú, mo sì fún nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀, ọ̀tún kí ó tó kan òsì.

Nítorí ẹ̀kọ́ yẹn, orí pèpéle onípákó tó lágbára, tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gùn, ni mo gbé ọkọ̀ sí fún ti ìsàlẹ̀, tí mo sì dí táyà níwájú àti lẹ́yìn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Bóòtì ibẹ̀ ti dógùn-ún. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpáàrà kúrò, mo da òróró atú-bóòtì sí i lálẹ́ ọjọ́ kan, mo tún dà á láàárọ̀, kí n tó fi sípánà kàn án. Àwọn tó jáde ni mo fi tuntun tó ní àmì 8.8 lórí, ìyẹn àmì agbára bóòtì, rọ́pò, ibi tí èyí tó jáde bá sì ti jẹ́ 10.9, 10.9 náà ni mo dá padà síbẹ̀. Sípánà tí ń ka agbára ni mo fi fún gbogbo wọn, gẹ́gẹ́ bí ìwé àtúnṣe ọkọ̀ náà ṣe sọ. Fún ẹni tó ń béèrè, bóòtì M8 (tó fẹ̀ ní mílímítà 8) tó jẹ́ 8.8 sábà máa ń gba nǹkan bí 25 Nm, ìwọ̀n agbára tí a fi ń fún bóòtì, M10 sì ń gba bíi 50, bí ojú rẹ̀ bá gbẹ. Bí a bá fi gíríìsì pa á, ìwọ̀n yẹn ti pọ̀ jù fún un.

Kí n lè mọ̀ bóyá bọ́nẹ́ẹ̀tì yóò kan ọ̀pá òkè, mo fi ìṣùpọ̀ amọ̀ rírọ̀ mẹ́ta sí orí rẹ̀, mo rọra pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, mo sì tún ṣí i. Èyí tó tẹ́ jù ṣì nípọn ní mílímítà 9. Nísàlẹ̀, mo rí i pé sàlẹ́ńsà jìnnà sí ọ̀pá ẹ̀yìn tó ìka méjì, nítorí ẹ́ńjìnì máa ń yí lórí sítìn rẹ̀ nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́, ó sì ń mi sàlẹ́ńsà.

Wẹ́dà kan ní kí n jẹ́ kí òun kúkú jó gbogbo rẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀. Mo kọ̀. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ ti ṣètò ibi tí iwájú rẹ̀ yóò ti ká wọlé bí ó bá kọlu nǹkan, kí agbára má baà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó, n kò sì ní ẹ̀tọ́ láti fi iná yí i padà, bẹ́ẹ̀ ni n kò lu ihò tuntun kankan. Ibi tí ìpáàrà bá sì ti jẹ páànù tán, irin ìdìmú kò lè di nǹkan kan mú níbẹ̀. Páànù ni kí a kọ́kọ́ tún ṣe.

Mo tún ti jáàkì sí igun àkọ́kọ́. Àlàfo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn dúró sí nǹkan bí mílímítà 4.5, ìyẹn ni pé ara ọkọ̀ ṣì ń lọ́, ṣùgbọ́n kò tó ti tẹ́lẹ̀, ilẹ̀kùn náà kò sì han mọ́. Sítíárì ń dáhùn kíá bí mo bá yí i, mi ò sì nílò láti tún un yí lẹ́ẹ̀mejì láàárín kọ̀rọ̀ kan. Ariwo títì wọ inú ọkọ̀ díẹ̀ sí i, mo sì ń mọ kòtò kéékèèké lára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Mo ti fi ọ̀dà funfun fa ìlà tín-ín-rín kọjá nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan dé orí àwo rẹ̀. Lẹ́yìn kìlómítà 500, gbogbo ìlà ṣì tọ́, ṣùgbọ́n sípánà yí nọ́ọ̀tì kan lábẹ́ ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì kí ó tó pe ìwọ̀n. Mo tú u wò. Ọ̀dà dúdú tó nípọn tí wọ́n fi kun àwo náà ti tẹ́ lábẹ́ rẹ̀, ó sì ti ya sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ìda. Mo ha á kúrò títí irin fi hàn, mo fi ọ̀dà fẹ́lẹ́ tí ń dènà ìpáàrà pa á, mo fún un padà, mo sì fa ìlà tuntun.