Àyẹ̀wò ọdún mi: oyún tó bàjẹ́, àti ìsinmi tí mo gbà

Ọpẹ́ ló yẹ kó ṣáájú. Ọmọ mi wọ kíláàsì kẹrin, ara ìyá mi ti mókun, a sì san owó ilé láì yá owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń ka ọdún yìí tí mo fo oṣù kẹfà, mo ń tan ara mi ni. Oṣù kẹfà ni oyún mi bàjẹ́.

Oyún náà kù díẹ̀ kó pé oṣù mẹ́ta. Ọkọ mi àti ìyá mi nìkan ló mọ̀. Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Káṣíà ni mí ní ilé ìtajà kan ní Ìbàdàn. Orí ìdúró la ti ń ṣiṣẹ́ náà látàárọ̀ dalẹ́, ẹni tó bá sì fẹ́ lọ tọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ẹni tó máa bá a dúró nídìí owó. Mo fi suwẹ́tà di ìdí, mo parí ti oníbàárà tó wà níwájú mi, mo ka owó ọwọ́ mi, mo buwọ́ lùwé. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé ẹni tó gba kọ́kọ́rọ́ bi mí bóyá ibà ni.

Nílé ìwòsàn, síkáànù fi hàn pé ọkàn ọmọ kò lù mọ́. Dókítà ní mo lè dúró kó wálẹ̀ fúnra rẹ̀, mo lè lo misoprostol, oògùn tó ń mú kí ilé ọmọ tì í jáde, tàbí kí wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré fà á jáde, èyí tí àwa ń pè ní fífọ inú. Oògùn ni mo yàn. Ó ní kí wọ́n yẹ irú ẹ̀jẹ̀ mi wò, torí ẹni tí tirẹ̀ bá jẹ́ nẹ́gétíìfù lè nílò abẹ́rẹ́ anti-D, èyí tó ń dáàbò bo oyún tó bá tún ń bọ̀. Ó kì mí nílọ̀ pé bí pádì ńlá bá kún láàárín wákàtí kan, tí òmíràn tún kún ní wákàtí kejì, tàbí tí ara mi bá gbóná, kí n sáré padà sílé ìwòsàn, kí n má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó tún sọ ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo obìnrin gbọ́: àbùkù nínú kúrómósóòmù ọmọ, ìyẹn okùn tín-ín-tín tó ń gbé àbùdá, ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú oyún tó ń bàjẹ́ ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Kì í ṣe páálí mílíìkì tí mo gbé níbi iṣẹ́. Kì í ṣe ọwọ́ ayé.

Ibi tí mo ti ronú jù ni ti ibi iṣẹ́. Àwọn kan ní kí dókítà kọ ibà sínú ìwé excuse duty mi. Wọ́n ní ọ̀gá tó bá gbọ́ pé mò ń wá ọmọ á ti máa ro ìsinmi ìbímọ tó ń bọ̀, kò ní gbé mi sókè. Ọgbọ́n wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Bẹ́ẹ̀ ibà kì í pẹ́ lójú ọ̀gá: ọjọ́ kẹta, wọ́n á ti ní ara rẹ yá. Ẹ̀jẹ̀ tèmi sì lè dà tó ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ní kí ó kọ òótọ́. A lẹ àpòòwé náà pa, ọkọ mi sì fi lé ọ̀gá mi obìnrin lọ́wọ́.

Ọ̀gá mi pè mí, ó ní, "Pẹ̀lẹ́ o. Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Lọ sinmi." Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́, mo mọ̀. Àmọ́ omi tó dànù yẹn gan-an ni mò ń sunkún. Ẹ jẹ́ kí a máa jẹ́ kí obìnrin sunkún rẹ̀ ná, kí a tó máa sọ ti èyí tó ń bọ̀.

Àwọn tó ń tọ́jú fáìlì òṣìṣẹ́ ní tiwọn fẹ́ yọ ọjọ́ náà kúrò nínú ìsinmi ọdún mi. Mo kọ̀. Ìpín 16 Òfin Òṣìṣẹ́ Nàìjíríà, tó wà nínú àkójọ òfin ọdún 2004, fún òṣìṣẹ́ ní ìsinmi àìsàn tí ó lè tó ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún, pẹ̀lú owó, bí dókítà tó ní ìwé àṣẹ bá ti jẹ́rìí sí àìsàn rẹ̀. Ìsinmi ọdún wà lọ́tọ̀ ní ìpín 18. Mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wọn bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, wọ́n sì dá ọjọ́ mi padà.

Síbẹ̀, inú ń bí mi sí òfin yìí. Ìpín 54 fún ẹni tó bímọ ní ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú àti ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn, kò sọ nǹkan kan nípa irú wa. Láti ọdún 1961 ni òfin ilẹ̀ Íńdíà ti fún obìnrin tí oyún rẹ̀ bàjẹ́ ní ọ̀sẹ̀ 6 pẹ̀lú owó.

Nígbà tí mo padà dé, ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní ọjọ́ Sátidé ni tòun wálẹ̀, ọjọ́ Ajé òun ti wà nídìí owó, kò sẹ́ni tó mọ̀. Àwa méjèèjì la jọ kọ lẹ́tà sí àwọn aláṣẹ ní oṣù kọkànlá: a fẹ́ àga gíga fún àwọn káṣíà, a sì fẹ́ kí ìsinmi oyún tó bàjẹ́ wà nínú ìwé ìlànà òṣìṣẹ́. Àga ti dé. Wọ́n ní ti ìsinmi di ìpàdé oṣù kìn-ín-ní, a ó sì wà níbẹ̀.