Ẹ̀rí tí mi ò ráyè parí ní ṣọ́ọ̀ṣì

Ẹ yin Olúwa! Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo jáde síwájú ìjọ láti dúpẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni wọ́n fún wa, èèyàn mọ́kànlá sì tò sẹ́yìn mi. Mo ní, "Orí àbúrò mi dàrú, Ọlọ́run sì bá wa tún un ṣe." Ìjọ hó yèè, onílù kì í mọ́lẹ̀, wọ́n ti gba gbohungbohun lọ́wọ́ mi. Mi ò parọ́ o. Ṣùgbọ́n ohun tí mo torí ẹ̀ jáde gan-an, mi ò tíì sọ ọ́. Torí èmi àti ìyá wa ni mo ṣe fẹ́ dúpẹ́, àwa tí orí wa pé.

Igbó ló fi bẹ̀rẹ̀. Igbó di Colorado, ìyẹn igbó oníkẹ́míkà, Colorado di tramadol, ó di bárakú. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá sọ̀rọ̀, ó ní àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nínú rédíò ń pe orúkọ òun. Yorùbá ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yẹn, abiyamọ ni, mo lè búra.

A gbé e lọ sí ilé àdúrà kan. Mi ò ní dárúkọ wọn. Wọ́n kọ ohun tí a máa rà sínú bébà fún wa: àbẹ́là méje, òróró ólífì, ṣéènì kan, àgádágodo kan. Èmi ni mo lọ rà á lọ́jà. Mo tiẹ̀ ná ṣéènì náà, mo ní kó dín in kù fún mi. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, nígbà tí a lọ mú un, irin ti jẹ ẹran ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ó padà wálé, ilé wá di ẹ̀wọ̀n fún gbogbo wa. Ìyá wa ń ti gbogbo nǹkan pa: yàrá, kíṣìnì, àpótí aṣọ, títí dórí fíríìjì. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́sàn-án ló so mọ́ ìdí ìró. Bó bá yí ara padà lóru, à á gbọ́ wọn tí wọ́n ń dún. Ní tèmi, gbèsè ni mò ń san. Bí àbúrò mi bá ta fóònù onífóònù, màá san án. Bó bá rajà àwìn, màá san án. Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ mi wọ ibẹ̀, mo sì ń parọ́ fún ọkọ mi. Ẹni tó bá béèrè rẹ̀, a ó ní ó wà ní Kútọnu, ó ń kọ́ṣẹ́.

Aro, ilé ìwòsàn ọpọlọ l'Abẹ́òkúta, la gbé e lọ nígbẹ̀yìn. Wọ́n dá a dúró síbẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ìyá sóṣà wọ́kà kan pe èmi àti ìyá wa wọ ọ́fíìsì. Mo rò pé ọ̀rọ̀ owó ni. Ó kọjú sí ìyá wa, ó ní, "Màmá, ìgbà wo lẹ sùn mọ́jú kẹ́yìn?"

Ìyá wa la ẹnu láti dáhùn, ẹkún ló jáde. Gbogbo ìgbà tí a ti ń káàkiri, kò sẹ́ni tó bi í ní irú ẹ̀ rí.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ jókòó pẹ̀lú àwọn ẹbí mìíràn nìyẹn. Alájì tó ń ta táyà wà níbẹ̀, tíṣà kan, ìyàwó ọlọ́pàá. Ìyá sóṣà wọ́kà yẹn sọ fún wa pé fífi ẹbí kún ìtọ́jú kì í ṣe nǹkan tuntun ní Aro. Ní 1954 tí Dókítà Adeoye Lambo, oníṣègùn ọpọlọ, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, wọn ò tíì kọ́ ilé ìwòsàn tán. Inú àwọn abúlé tó wà nítòsí ni àwọn aláìsàn ń gbé, ẹbí kan sì gbọ́dọ̀ bá wọn wá, kó máa se oúnjẹ, kó máa mú wọn lọ gba ìtọ́jú. Mo ronú kan ṣéènì tí mo ná lọ́jà.

Ìyá náà ní bí àbúrò mi bá sọ pé òun ń gbọ́ ohùn, ká má bá a jiyàn, ká má sì ní àwa náà gbọ́ ọ. Ká bi í bóyá ẹ̀rù ń bà á. Ó ní ilé tí wọ́n bá ti ń pariwo, tí wọ́n ń búni láràárọ̀, àìsàn yìí kì í pẹ́ padà síbẹ̀. Èyí tó dùn mí jù ni tèmi: "Àǹtí, gbèsè tí ẹ ń san yẹn, ẹ̀yin lẹ ń ra èyí tó máa mu lọ́la fún un." Inú bí mi. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mi ò fi kí i dáadáa. Ṣùgbọ́n mi ò san òmíràn mọ́.

Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ oṣooṣù, ara rẹ̀ gan, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Tó bá jẹ́ tẹ́lẹ̀ ni, à bá ní wọ́n ti bà á jẹ́, à bá sì gbé e sá. Wọ́n ti sọ fún wa pé ó lè rí bẹ́ẹ̀, pé ká tètè mú un wá. A mú un lọ, wọ́n tún oògùn náà ṣe.

Ìjọ rò pé ó ti tán pátápátá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú oṣù Kejìlá, òru méjì ló lò láì fojú kan oorun, ó tún fa wáyà rédíò yọ. Wọ́n ti ní ká máa ṣọ́ oorun rẹ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kẹta mọ́, a ti wà lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta, òun fúnra rẹ̀ ló jókòó síwájú mọ́tò. Kò sí ṣéènì, kò sí ọlọ́pàá, aládùúgbò kankan ò jí. Ẹ̀rí tí mo fẹ́ jẹ́ nìyẹn, ẹ bá mi ké Halelúyà!

Ìyá sóṣà wọ́kà, ẹ ní kí n má dárúkọ yín, mi ò dárúkọ yín. Ọlọ́run mọ̀ yín.

Ìṣó kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kíṣìnì báyìí, ibẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà. Lálẹ́ àná, òùngbẹ gbẹ àbúrò mi. Ó mú wọn lórí ìṣó, ó ṣí fíríìjì, ó bu omi mu, ó sì dá wọn padà síbẹ̀. Ìyá wa ò gbọ́. Ó ń hanrun ní pálọ̀.