Epo Tí Mo Fi Pa Ayùn

Ọdún tí mo fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni mo pinnu láti fi ọwọ́ ara mi kan àpótí ìjókòó kan fún ìyàwó mi, nítorí pé èyí tó ń jókòó lé nílé ìdáná ti ń mì bí eyín arúgbó. Mo ra pákó arère ní ọjà pákó Bódìjà n'Ìbàdàn, mo sì sọ yàrá kékeré tó wà lẹ́yìnkùlé, níbi tí a ń kó ìkòkò tó ti lu sí, di ṣọ́ọ̀bù.

Irinṣẹ́ ni mo kọ́kọ́ ṣìnà lé lórí. Mo rí àpò pupa kan tí wọ́n to ṣísẹ́lì 12 sí, gbogbo wọn ń dán bíi dígí, owó wọn kò sì pọ̀ rárá. Bàbá Káfíńtà àdúgbò wa, tó gbà láti máa kọ́ mi, yọ ọ̀kan nínú wọn, ó fi fáìlì rin ẹnu rẹ̀, fáìlì náà sì wọlé bí ìgbà tí ọ̀bẹ bá wọ ọṣẹ. Ó ní, "Tíṣà, ṣíbí ni ẹ rà wálé. Ojúlówó ṣísẹ́lì, ńṣe ni fáìlì máa ń yọ̀ lára ẹnu rẹ̀." Mẹ́ta péré ló ní kí n tún rà, pẹ̀lú ìfági kan àti ayùn kan. Ó fi hàn mí bí wọ́n ṣe tẹ eyín ayùn, ọ̀kan sápá ọ̀tún, ọ̀kan sápá òsì, kí ojú ibi tó ń gé lè fẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ, kí igi má baà há a mọ́ra. Ó kọ́ mi láti máa fi ẹ̀gbẹ́ ìfági lélẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ má baà kú. (Àwọn ṣíbí 12 náà wà níbẹ̀. Ìyàwó mi ń fi ọ̀kan fọ́ àgbọn, ó sì ní ó dára gan-an.)

Nígbà tí òjò dé, irinṣẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà. Mo pe Bàbá Káfíńtà lórí fóònù, ó ní kí n nù wọ́n gbẹ, kí n sì fi epo pa wọ́n, ni fóònù bá já. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá, ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí: bí wọ́n bá ní kí ẹ bu epo wá nínú ilé yín, kí ni ẹ ó bù?

Ní òwúrọ̀ Sátidé, mo tẹ́ ẹní sí ẹ̀yìnkùlé, mo to ayùn, ìfági àti ṣísẹ́lì sórí rẹ̀, mo sì ń fi epo pupa pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó mi gbé ẹ̀sun iṣu wá fún mi, mo sì ń fi í tọ́ epo kan náà wò. Ajá wa, tó ti gbóòórùn iṣu, wá nà gbalaja sẹ́gbẹ̀ẹ́ ayùn. Àfi bí díákónì obìnrin kan tó ń gbé ládùúgbò ṣe yọjú láti gba owó ọdẹ òru. Ó wo irin, ó wo epo, ó wo ẹ̀sun iṣu, ó sì wo ajá. Ó rọra bi mí pé, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin náà ni?"

Iṣu ló kún ẹnu mi, ohun tí mo sì rí sọ kò ju, "Irinṣẹ́ mi ni mò ń tọ́jú" lọ, èyí tí abọ̀gún èyíkéyìí náà ì bá sọ. Bí mo ṣe na ọwọ́ láti lé ajá kúrò nídìí ayùn báyìí ni màmá pariwo pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pa á!" Wọn kò rántí gba owó ọdẹ mọ́.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, èèrà ti tò dé ṣọ́ọ̀bù, epo ti dì, eruku sì ti lẹ̀ mọ́ ọn. Mo fá pákó arère funfun mi, ibi tí ìfági bá gbà ni epo ń gbà. Mo mú sáńpépà, sáńpépà sì bá mi tàn án kálẹ̀, títí àpótí náà fi dà bíi bébà tí wọ́n fi di àkàrà.

Lọ́jọ́ Ajé, Bàbá Káfíńtà rẹ́rìn-ín títí ó fi di férémù ilẹ̀kùn mú. Ó fi kẹrosíìnì nu gbogbo irin náà, ó sì yọ ìgò kékeré kan jáde nínú àpò rẹ̀: epo ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó ní epo pupa tó bá ti pẹ́ máa ń kan, kíkan náà gan-an sì lè jẹ irin. Kò tíì parí ọ̀rọ̀ nígbà tí ọmọ kan wọlé, tó ní màmá díákónì ní kí n fi òróró àdúrà yìí pa àwọn irin náà lára, ní ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, fún ọjọ́ 7.

Bàbá Káfíńtà gba ìgò náà, ó ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wá kọjú sí mi.

"Tíṣà, èyí ńkọ́? Ta ló tún ní kí ẹ ra èyí?"