Gáàsì wo ni n ó fi jó bọ́dì mọ́tò mi?

Sátidé, Kubwa

Abẹ́ ilẹ̀kùn Camry mi, lọ́wọ́ ibi tí dírẹ́bà ń jókòó sí, ti jẹ tán. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á láàárọ̀, ọ̀dà ń ṣí kúrò ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, mo fi ìka tẹ ibẹ̀, ìka wọlé ṣìn-ìn. N ó gé e kúrò, n ó sì fi páànù tuntun dí i fúnra mi. Ẹ̀rọ MIG kékeré, èyí tó ń fi iná mànàmáná yọ́ wáyà láti fi jó irin pọ̀, wà nílẹ̀, wáyà 0.6 mm ti wà nínú rẹ̀. Gáàsì ló kù, òun ni mo sì fi gbogbo ọ̀sán rò.

Ẹ̀gbọ́n kan ní Apo, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti pẹ́ lókè Ọya, ni mo kọ́kọ́ fọ̀rọ̀ lọ̀. Kábáìdì lòun mọ̀. Omi á kan kábáìdì nínú dúrọ́ọ̀mù, gáàsì á jáde, ọ́síjìn á pàdé rẹ̀ lẹ́nu tọ́ọ̀ṣì, iná á sọ. "Àbúrò, kí lo fẹ́ fi gbogbo wàhálà yẹn ṣe? Gbé e wá, kí n bá ẹ lẹ̀ ẹ́ kó o máa lọ." N kò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n páànù bọ́dì mọ́tò kò nípọn, bíi 0.7 sí 0.9 mm ni, iná kábáìdì sì máa ń gbóná kárí, páànù á wá wú bí ẹni pé wọ́n fẹ́ ẹ. Ẹ̀gbọ́n lè fi òòlù lù ú padà sípò nígbà tó ṣì gbóná. Èmi kò ní ọwọ́ yẹn. Ẹ̀rọ MIG á jó ojú kan, á kúrò níbẹ̀, ibẹ̀ á tutù kó tó padà wá.

Afẹ́fẹ́ tí à ń mí símú yìí, náítírójìn kó nǹkan bíi 78 nínú 100, ọ́síjìn kó 21. Tí wọ́n bá kan irin tó ti yọ́, ojú ibi tí a jó á kún fún ihò wẹ́wẹ́, kò sì ní lágbára. Gáàsì inú sílíńdà ló ń lé wọn sẹ́yìn títí irin á fi dì. Ṣùgbọ́n gáàsì kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń mú kí iná hùwà.

CO2 (kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáídì) nìkan ló wọ́n kéré jù, kò sì ṣòro láti rí, torí àwọn tó ń ta ohun mímu àti àwọn tó ń rọ gáàsì sínú ohun ìpaná náà ń lò ó. Ó máa ń wọnú irin dáadáa. Tó bá jẹ́ géètì tàbí irin ojú fèrèsé ni mo fẹ́ jó, n kò ní wá òmíràn. Lórí páànù tẹ́ẹ́rẹ́, ó tètè ń lu ihò, ó sì ń ta iná kiri. Ẹyọ irin gbígbóná kan tó bá bà lé gíláàsì mọ́tò, ó ti jẹ ojú gíláàsì náà nìyẹn, kò ṣeé nù. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lò á dín iná kù, á sì máa fi í kàn díẹ̀díẹ̀. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ fífá ojú rẹ̀ lẹ́yìn náà á gba àkókò, iná wa ní àdúgbò yìí kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Argon lásán, gáàsì mìíràn tí kò ní CO2 nínú, ńkọ́? Ẹni tó ń ta gáàsì fẹ́ kí n gbé e, ó ní òun lọ́gá gbogbo wọn. Ọ̀gá ni lóòótọ́ fún alumíníọ́mù àti fún TIG, ọ̀nà mìíràn tí wọ́n fi ń jó irin. Lórí irin, iná rẹ̀ kì í dúró sójú kan, ohun tó jó á sì gúnwà sókè láì wọlé dáadáa. Ó nílò CO2 díẹ̀ kí ara rẹ̀ tó balẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi mú àpòpọ̀: argon 80, CO2 20 nínú 100. Tí mo bá rí èyí tí CO2 rẹ̀ jẹ́ 5 péré, n ó gbà á tayọ̀tayọ̀, òun ló tutù jù fún páànù tẹ́ẹ́rẹ́. Owó rẹ̀ ju ti CO2 lọ, mo mọ̀. Fún mi, gíláàsì àti ọ̀dà tí kò bàjẹ́ ti san án padà.

Mo ro ti wáyà tí kò nílò gáàsì náà, nítorí ọyẹ́. Atẹ́gùn kì í dà á láàmú. Ṣùgbọ́n iná rẹ̀ gbóná jù fún bọ́dì, ó sì ń fi èèpá sílẹ̀. N ó tọ́jú rẹ̀ de géètì.

Ohun kan tún wà nípa sílíńdà. Ti àpòpọ̀, géèjì ló ń sọ iye tó kù: sílíńdà lítà 10 tí wọ́n rọ dé 200 bar ní nǹkan bíi lítà 2,000 nínú, tí mo bá sì ń lo lítà 8 ní ìṣẹ́jú kan, ó ju wákàtí mẹ́rin lọ tí ìka mi fi máa wà lórí tọ́ọ̀ṣì. Iṣẹ́ bọ́dì kò tó bẹ́ẹ̀. CO2 ní tirẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ ti di olómi (kì í ṣe omi mímu, CO2 fúnra rẹ̀ ni), géèjì kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ mira títí olómi náà á fi tán, ìwọ̀n ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Tí ooru bá sì kọjá 31°C, tó jẹ́ nǹkan ojoojúmọ́ ní Abuja lóṣù Kẹta, kò sí olómi nínú rẹ̀ mọ́ rárá, géèjì kàn ń bá oòrùn gòkè ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi géèjì ọ̀sán gangan tan yín. Ẹnu sílíńdà méjèèjì kì í sábà bára mu, nítorí náà mo ní kí ẹni tó ń ta gáàsì fún mi ní régúlétọ̀ (ohun tó ń dín agbára gáàsì kù lẹ́nu sílíńdà) tó bá ti argon mu.

Ìta gbangba ni n ó ti ṣe é, torí gáàsì méjèèjì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, wọ́n lè lé ọ́síjìn kúrò nínú yàrá láìsí òórùn kankan. N ó fi tapólì dí ẹ̀gbẹ́ tí atẹ́gùn ti ń wá, n ó sì bẹ̀rẹ̀ láti lítà 8 lórí ègé páànù àlòkù. Tí ihò bá ṣì ń hàn, n ó gbé e sí 12. N kò ní jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí gáàsì tó bá ń sá jáde jù máa ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ra. Tí atẹ́gùn bá le ju tapólì lọ, n ó fi í sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́.