Mi Ò Ṣe IELTS, Àmọ́ Mo Ṣe Àbújá

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù láti ilé ni pé, "Àǹtí Ruka, ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ ò ṣe IELTS kẹ́ ẹ tó lọ sí Húngárì?" Òótọ́ ni. Mi ò ṣe IELTS, mi ò ṣe TOEFL, mi ò sì ṣe èyí tí wọ́n ń jókòó ṣe nílé lórí kọ̀ǹpútà, gbogbo ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń lọ kàwé lókè òkun. Ìjọba Húngárì ló san owó ilé ẹ̀kọ́ mi, ó fún mi ní yàrá, ó sì ń fún mi lówó lóṣooṣù. Ohun tí kò yé àwọn tó ń béèrè ni pé wọ́n rò pé nígbà tí kò sí IELTS, kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n bi mí. Wọ́n bi mí gan-an ni. Ìwé ni wọ́n fi bi mí, Àbújá ni mo sì ti lọ wá ìdáhùn.

Kaduna ni wọ́n bí mi sí, ní Kakuri, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ Ọ̀fà ni bàbá àti ìyá mi. Ilé iṣẹ́ aṣọ ni bàbá mi ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi tì í pa. Nínú ilé, Yorùbá, níta, Hausa, ní kíláàsì, Gẹ̀ẹ́sì. Láti jẹ́léósinmi títí mo fi gboyè ní yunifásítì kan lókè ọya, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ mi ní ohun gbogbo. Nígbà tí mo wá gbọ́ iye tí wọ́n ń gbà fún ìdánwò tó fẹ́ mọ̀ bóyá mo gbọ́ èdè náà, ẹ̀rín ló pa mí. Títí dòní náà ni. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin fi lélẹ̀ ní 2024 jẹ́ ₦70,000. Owó IELTS ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Ọdún méjì péré sì ni èsì rẹ̀ ń lò. Bí sikọ́láṣípù ò bá bọ́ sí i láàárín ọdún méjì yẹn, o máa tún owó san ni, àfi bí ẹni pé èèyàn lè gbàgbé Gẹ̀ẹ́sì bó ṣe ń gbàgbé agbòjò sínú ọkọ̀.

Kì í ṣe èmi nìkan lọ̀rọ̀ yìí ń bí nínú. Ní 2021, Ebenezer Wikina àti Policy Shapers, ẹgbẹ́ tó dá sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ìpolongo, wọ́n ń bi ìjọba Ìlú Ọba pé kí ló dé tí orílẹ̀-èdè tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣèjọba ò fi sí lára àwọn tí wọ́n yọ̀ǹda kúrò nínú ìdánwò. Jàmáíkà wà lára wọn, Malta wà lára wọn; Nàìjíríà ò sí. Àmọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé èyí kì í fi gbogbo ìgbà dí akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Bí o bá ń lọ ka digírì níbẹ̀, yunifásítì tó gbà ọ́ wọlé ní àṣẹ láti fúnra rẹ̀ yẹ Gẹ̀ẹ́sì rẹ wò, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń gba C6 nínú Gẹ̀ẹ́sì WAEC. Chevening, sikọ́láṣípù ìjọba Ìlú Ọba, pàápàá kì í béèrè ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì mọ́ fún ara tirẹ̀. Ọwọ́ ilé ẹ̀kọ́ tí o bá yàn ló fi í sí. Sátífíkéètì WAEC tó wà nísàlẹ̀ àpótí ìyá rẹ, lábẹ́ léèsì ọdún Iléyá, ó níye lórí ju bí o ṣe rò lọ.

Ọ̀dọ̀ Federal Scholarship Board ní Àbújá ni ọ̀nà tèmi gbà, lábẹ́ ètò tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí BEA: àdéhùn láàárín Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè bíi Rọ́ṣíà, Ṣáínà, Mòrókò àti Húngárì. Nígbà yẹn, Nàìjíríà á fa orúkọ rẹ kalẹ̀, àwọn tọ̀hún á yẹ̀ ọ́ wò, wọ́n á gbà ọ́ tàbí kí wọ́n má gbà ọ́. Ti Húngárì ń jẹ́ Stipendium Hungaricum, 2013 ni ìjọba wọn dá a sílẹ̀. Nígbà náà, ẹni tó bá fẹ́ ka másítà gbọ́dọ̀ ti gba first class tàbí second class upper. Àwọn ará Húngárì ò gba kọ́bọ̀ fún fọ́ọ̀mù wọn. Níbi tí fọ́ọ̀mù náà ti béèrè ẹ̀rí èdè, ilé ẹ̀kọ́ tí mo yàn ní àwọn á gba lẹ́tà láti yunifásítì tí mo ti jáde, pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ mi.

Lẹ́tà ojú ewé kan.

English Proficiency ni àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń pe lẹ́tà yìí. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé HOD, olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ, lè bá ọ kọ ọ́ ò parọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ òkèèrè ló máa dá irú rẹ̀ padà. Ọ́fíìsì Registrar ni wọ́n fẹ́ kó ti wá, lórí bébà tó ní orúkọ àti àmì yunifásítì. Kí orúkọ rẹ bá ti sátífíkéètì mu láìyẹ̀. Kí nọ́ńbà mátíríìkì rẹ, ọdún tí o wọlé, ọdún tí o jáde àti kọ́ọ̀sì tí o kà wà níbẹ̀, kí gbólóhùn kan sì sọ ọ́ ní gbangba pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ ọ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé ọmọ dáadáa ni ọ́ àti pé Gẹ̀ẹ́sì rẹ já gaara, ìyẹn ò jẹ́ nǹkan kan lójú ẹni tó ń ka fọ́ọ̀mù ní Budapest. Lẹ́yìn náà ni òǹtẹ̀, ìbuwọ́lù, àti ímeèlì. Ímeèlì ọ̀hún ṣe pàtàkì. Ilé ẹ̀kọ́ òkèèrè lè kọ̀wé padà láti mọ̀ bóyá lẹ́tà náà kì í ṣe ayédèrú. Bí àdírẹ́sì tó wà lábẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ ti Yahoo, ojú tí wọ́n máa fi wò ó á yàtọ̀. Mo bẹ akọ̀wé ọ́fíìsì náà pé kó jọ̀wọ́ lo èyí tó ní orúkọ yunifásítì. Ó wò mí tẹsẹ̀ tẹsẹ̀, ó ní, "Hajiya, sai gobe."

Ọ̀la yẹn wá di ọ̀la míì. Ẹni tó máa buwọ́lù lọ sípàdé. Ó dé, iná ò sí. Iná dé, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ò ní tadáwà. Ẹni kan tún wá bi mí bóyá mo mú bébà wá. Inú kọ́rídọ̀ ibẹ̀ ni mo wà tí mò ń ṣàlàyé fún ìyá mi lórí fóònù, tí bàbá mésénjà kan tó ń kọjá fi dúró.

"Ọmọ ibo ni ọ́?"

"Ọmọ Ọ̀fà ni mí, sà."

"Ìjàkadì lorò Ọ̀fà! Kí ló wá ń ṣe ọ́ tó o fi ń sunkún síbí? Gbé fáìlì yẹn wá."

Ará Ìlọrin ni bàbá náà. Ìlọrin àti Ọ̀fà lè máa bá ara wọn ṣèpè nílé, àmọ́ lókè ọya, ọmọ ìyá ni wọ́n. Kò gba owó lọ́wọ́ mi, ó ní kí n ṣáà fi òun sínú àdúrà. Ó tẹ̀ lé fáìlì náà láti tábìlì dé tábìlì bí ẹni tó ń da màlúù lọ sọ́jà, a sì rí òǹtẹ̀ gbà. Mi ò mọ ohun tí ẹni tí kò bá rí irú bàbá yẹn máa ń ṣe.

Lẹ́tà wà lọ́wọ́, ó ku Àbújá. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin láti Rigasa dé Ìdù, mo sì dé sọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi tó ń gbé ní Kubwa, tó ń ta aṣọ ní ọjà Wúsè. Ní ìdájí, àwa àti àwọn tó ń kígbe "Berger! Berger!" la jọ ń jí. Ìwé ẹ̀rí á kọ́kọ́ lọ sí ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ní Federal Secretariat kí wọ́n jẹ́rìí sí i; lẹ́yìn náà, á lọ sí ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní Tafawa Balewa House, kí wọ́n tún jẹ́rìí sí ẹ̀rí ti àkọ́kọ́. Nígbà tèmi, Remita, ètò ìsanwó orí íntánẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n fi ń sanwó, nítorí náà ẹni tó bá ní kó o fi owó sí òun lọ́wọ́, ti ara rẹ̀ ló ń ṣe. Àwọn kan máa ń dúró lẹ́nu géètì, wọ́n á ní kó o má wulẹ̀ wọlé, pé àwọn á bá ọ gba òǹtẹ̀ di ìrọ̀lẹ́. Òǹtẹ̀ tí ilé iṣẹ́ aṣojú bá bèèrè nípa rẹ̀, tí wọn ò rí i nínú ìwé ìjọba, wàhálà rẹ̀ ju ti ẹni tí kò ní òǹtẹ̀ rárá lọ.

Tèmi tún ní ẹ̀ka. Akọ̀wé tó kọ orúkọ wa sílẹ̀ fún WAEC ní girama kọ tèmi bí wọ́n ṣe ń pè é lágbègbè ibẹ̀: Rukayya. Rukayat ló wà lórí ìwé ìbí, digírì àti páspọ́ọ̀tù. Orúkọ ọmọ Ànọ́bì kan náà ni, gbogbo Mùsùlùmí ló mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kì í ṣe Mùsùlùmí. Mo lọ búra ní kóòtù, mo tún sanwó kí wọ́n gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn pé èèyàn kan ṣoṣo ni orúkọ méjèèjì. Ẹ̀yin òbí tó ń tọ́mọ lókè ọya, ẹ lọ wo orúkọ tí wọ́n kọ síwèé fún àwọn ọmọ yín kí wọ́n tó dé SS3.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí mo ṣe ń nu eruku lẹ́sẹ̀, Àǹtí mi ní, "Rukayat, gbogbo owó mọ́tò yìí, ṣé kò tíì tó owó ìdánwò yẹn báyìí?" Mo ṣírò rẹ̀. Kò tó, àmọ́ wọn ò jìnnà síra wọn mọ́. Mo máa sọ ọ́ láìfi bò: ẹni tó ní owó lọ́wọ́, tó ní iṣẹ́ tí ọ̀gá ò ní jẹ́ kó kúrò nídìí rẹ̀, kó yáa lọ ṣe IELTS, kó sùn. Ọ̀nà tí mo tọ̀ yìí, ti ẹni tí kò lówó tó sì ní àkókò ni. Agùnbánirọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, tí kò tíì ríṣẹ́, tó sì ní ìbátan tó máa gbà á sílé ní Kubwa, ní Nyanya tàbí ní Lugbe, òun ló bá mu.

Ibi tí wọ́n ti yẹ Gẹ̀ẹ́sì mi wò ní tòótọ́ ni ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, nínú pálọ̀ Àǹtí mi, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ tó ń pariwo lẹ́yìn wíńdò. Àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ náà ni wọ́n ń bi mí léèrè, Gẹ̀ẹ́sì kì í sì í ṣe èdè ìyá wọn, gẹ́gẹ́ bí kì í ṣe èdè ìyá tèmi náà. Wọ́n ní kí n ṣàlàyé ìdí tí ilẹ̀ tó ń gbé ọkà bàbà fi máa ń gbó lágbègbè wa, ohun tí ajílẹ̀ ń ṣe sí i, àti ohun tí mo fẹ́ wá kọ́ lọ́dọ̀ wọn tí mi ò lè kọ́ nílé. Kò sí ìdánwò tó kọ́ni ní bí wọ́n ṣe ń dáhùn èyí. Àlàyé tí mo ti ṣe fún àwọn àgbẹ̀ ní Hausa nígbà ìwádìí ìparí ẹ̀kọ́ mi ló gbà mí. Mo kàn ń yí i sí Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀, láìsáré.

Mo dé Debrecen, ìlú tí ilé ẹ̀kọ́ mi wà ní Húngárì, ní ìparí oṣù kẹsàn-án 2019. Owó oṣù wa jẹ́ 43,700 forint, bí àádọ́jọ dọ́là nígbà yẹn. Ó tó jẹun bí o bá ń se oúnjẹ fúnra rẹ, kò tó fi ránṣẹ́ sílé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún àwọn ẹbí. Gẹ̀ẹ́sì ni kíláàsì. Ṣùgbọ́n bí o bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú tíráàmù, Gẹ̀ẹ́sì tí a tìtorí rẹ̀ ṣe gbogbo wàhálà yìí ò ra tòmátì fún ọ lọ́jà. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń sanwó fún wa fi ní dandan ni kí ẹni tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kẹ́kọ̀ọ́ kọ́ èdè Húngárì ní ọdún àkọ́kọ́, kó sì ṣèdánwò rẹ̀. Mo yege, mi ò ní sọ máàkì.

Nǹkan ti yí padà o. Ní 2025, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé ìjọba àpapọ̀ ti fòpin sí BEA, lẹ́yìn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lókè òkun ti ké gbàjarè lórí owó tí wọn ò rí gbà. Nítorí náà, ẹni tó bá ń tà ọ́ ní fọ́ọ̀mù BEA lórí WhatsApp lónìí, olè ni.

Àwọn ọ̀nà míì wà. Túrkì ń fún èèyàn ní odidi ọdún kan láti kọ́ èdè wọn kó tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, nítorí náà bí kọ́ọ̀sì tí o yàn kì í bá ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì, wọn ò ní béèrè IELTS. Ọ̀pọ̀ yunifásítì Ṣáínà tó wà lábẹ́ sikọ́láṣípù ìjọba wọn ń gba lẹ́tà tí mo ṣàlàyé yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan máa ń gba owó fọ́ọ̀mù. Jàpáànù ní tirẹ̀ ń ṣe ìdánwò èdè fúnra rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ aṣojú rẹ̀ ní Àbújá. Erasmus Mundus, sikọ́láṣípù Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ń san €1,400 lóṣù, ó ju ìlọ́po mẹ́jọ ohun tí mo gbà lọ, àwọn kọ́ọ̀sì kan níbẹ̀ sì ń gba lẹ́tà. Àwọn míì ò gbà, kí o kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà, EducationUSA ní ilé iṣẹ́ aṣojú wọn ní Àbújá máa ń la èèyàn lọ́yẹ̀, ọ̀pọ̀ yunifásítì ibẹ̀ sì ń yọ ọmọ Nàìjíríà kúrò nínú TOEFL bó bá kọ lẹ́tà béèrè. Béèrè ni o. Àwọn kan kì í kọ ọ́ sójú ọ̀nà.

Fọ́ọ̀mù Túrkì sábà máa ń jáde ní oṣù kìíní, oṣù yẹn náà sì ni ti Húngárì máa ń tì nígbà tèmi. Bí o bá mọ bí ọ́fíìsì Registrar rẹ ṣe rí, oṣù kẹsàn-án ni kó o ti lọ béèrè lẹ́tà, kí o sì mú bébà dání.