Ẹ kọ́ omi kí ẹ tó kọ́ àwòrán: ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ wá kọ́ṣẹ́ tánganran ní Jingdezhen

Ẹ̀yin àbúrò mi, ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mí jù lọ ni pé ọ̀nà wo lẹ máa gbà dá àrà tiyín sára tánganran, nígbà tó jẹ́ pé láti ayé ìdílé ọba Yuan, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún méje sẹ́yìn, ni wọ́n ti ń yàwòrán aláwọ̀ búlúù sí i ní ìlú yìí ní ilẹ̀ Ṣáínà. Ohun tí mò ń sọ fún yín náà ni mo tún fẹ́ sọ: ẹ fi àwòrán sílẹ̀ ná. Ẹ kọ́ bí amọ̀, omi àti iná ṣe ń ṣe. Àwọn tó sọ iṣẹ́ yìí dọ̀tun ṣáájú wa, ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú qinghua, àwòrán búlúù lórí funfun. Cobalt, èròjà inú ilẹ̀ tó máa ń di búlúù nínú iná, ni wọ́n fi ń yà á, sórí amọ̀ tí kò tíì wọ iná. Amọ̀ yẹn gbẹ táútáú. Bí búrọ́ọ̀ṣì bá ṣe kàn án báyìí ló ti fa omi mu, kò sì sí pé à ń pa á rẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá tó kọ́ mi fi ní kí n gbájú mọ́ fenshui kí n tó ya òdòdó kankan, ìyẹn fífi omi cobalt kún inú ilà tí wọ́n ti fà sílẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń lò fún un sanra nídìí, ẹnu rẹ̀ ṣe ṣóńṣó. Orí adìyẹ ni wọ́n ń pè é. Tíì ni wọ́n fi ń po cobalt náà, ẹ sì gbọ́dọ̀ rò ó kí ẹ tó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́, torí tó bá dúró díẹ̀, omi á toro lókè, cobalt á di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nísàlẹ̀. Tí ẹ bá wá gbé e sórí amọ̀, omi ló ń ṣíwájú, búrọ́ọ̀ṣì ló ń tẹ̀ lé e. Irun búrọ́ọ̀ṣì kò gbọdọ̀ ha ara amọ̀. Ẹ ó máa da omi yẹn lọ láti etí ewé kan dé èkejì láìdúró. Tí ọwọ́ bá ṣíwọ́ díẹ̀ báyìí, àpá dúdú á jókòó síbẹ̀ títí láé. Tó bá dé ẹ̀bá ilà, búrọ́ọ̀ṣì yẹn náà lẹ ó fi fa ìyókù omi mu kí ẹ tó gbé ọwọ́ kúrò.

Èyí tó le jù níbẹ̀ ni pé ojú kò lè ràn yín lọ́wọ́. Kí cobalt tó wọ iná, ó dúdú, ó rí bí eérú. Wọ́n á tún fẹ́ èròjà tó máa di gíláàsì bò ó, gbogbo àwòrán á sì pòórá sábẹ́ funfun. Inú ìléru tó gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 1,300 ti Celsius ni búlúù ti ń jáde. Ẹni tó bá ti dúró ti aláró rí mọ̀ pé aṣọ kì í tíì ní àwọ̀ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fà á yọ nínú ìkòkò aró, àmọ́ aláró lè tún aṣọ rẹ̀ rì. Àwa kò lè tún tiwa rì. Nítorí náà, ẹ máa tọ́jú àpáàdì ìdánwò. Ẹ po cobalt ní oríṣiríṣi, láti èyí tó ki jù dé èyí tó dà bí òjìji, ẹ fi kun àpáàdì, ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí ẹ̀yìn, ẹ sun ún. Tábìlì ayàwòrán tí kò ní àpáàdì lórí kì í wù mí í wò.

Láyé Qianlong, ọba ìdílé Qing, Tang Ying tó ń bójú tó ìléru ọba kọ̀wé lọ́dún 1743 pé ẹni tó ń fa ilà kò kọ́ kíkùn, ẹni tó ń kùn kò kọ́ ilà, kí ọwọ́ lè bára mu. Bí wọ́n ṣe rí abọ́ rẹpẹtẹ tó jọra fún ààfin nìyẹn, mo sì gbà pé ọgbọ́n ni. Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ dá iṣẹ́ tiyín ṣe, ẹ lọ jókòó ti àwọn tó ń kùn. Orúkọ wọn kì í sí lábẹ́ abọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ni ìmọ̀ omi wà.

Ẹ wo nǹkan kan tó máa ń yà mí lẹ́nu. Cobalt tó ń wá láti Páṣíà ní ìgbà Yuan àti ìbẹ̀rẹ̀ Ming, ìdílé ọba tó tẹ̀ lé Yuan, ní irin púpọ̀ nínú, ìyẹn ló fi máa ń ní àmì dúdú káàkiri níbi tó bá ti ki. Nígbà Qing, cobalt mìíràn ni wọ́n ń lò, kò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Kí làwọn tó ń ṣe àwòkọ ohun àtijọ́ wá ṣe? Wọ́n fi ẹnu búrọ́ọ̀ṣì tọ́ àmì náà sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ọwọ́ tó mọ́ ni, mi ò ní tàbùkù rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó bá mọ bí cobalt ṣe ń ṣe máa mọ̀ wọ́n sọ́tọ̀, torí ìrísí ni wọ́n gbé, wọn ò gbé ohun tó bí i.

Wang Bu ló gbé ohun tó bí i. Wọ́n bí i lọ́dún 1898, ó kú lọ́dún 1968, ọba qinghua ni wọ́n ń pè é. Kékeré ló ti wọ iṣẹ́, ó sì ti ṣe àwòkọ ohun àtijọ́ dáadáa kó tó di pé ó ń yà á bí ẹni tó ń fi tàdáwà yàwòrán sórí bébà. Amọ̀ tí kò tíì wọ iná, tó ń mu omi, tí gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù, òun ló lò: ó jẹ́ kí omi tàn dé ibi tó fẹ́, ó di ewé.

Wang Qi gba ọ̀nà mìíràn. Ìyẹ̀fun ló fi ń mọ ère jẹun tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn tí ìjọba Qing ṣubú, tí ìléru ọba sì parí, òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń kóra jọ láti ọdún 1928, tí a mọ̀ sí Ọ̀rẹ́ Mẹ́jọ ti Zhushan, ń yàwòrán sórí pátákó tánganran tó ti jáde nínú iná, wọ́n á sì tún un sun nínú iná tí kò gbóná tó ti àkọ́kọ́. Ojú èèyàn tí Wang Qi yà ní ìmọ́lẹ̀ àti òjìji bíi ti àwọn ará Yúróòpù.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ya irú èyí, mo bẹ̀ yín: òjé wà nínú àwọn àwọ̀ àtijọ́ tí wọ́n ń lò fún un, arsenic sì wà nínú funfun tí wọ́n fi ń tẹ́ ìdí òdòdó. Ẹ má fi ẹnu lá búrọ́ọ̀ṣì kó lè ṣóńṣó, ẹ má sì jẹun lórí tábìlì iṣẹ́, bí ẹ tilẹ̀ rí ẹni tó ń ṣe é.

Tí ẹ bá dé, ewé kan tí kò ní ilà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ yà á sórí àpáàdì bíi mélòó kan, ẹ yí omi rẹ̀ padà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú ìléru. Èyí tó bá jáde lọ́nà tí ẹ kò retí ni kí ẹ mú wá bá mi, ká jọ wá ohun tó fà á.